Ìjàǹbá ọ̀kadà: ṣé àmúwá Ọlọ́run ni àbí àfọwọ́fà?

Ọmọ_Òròkí

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Orí àga ni mo wà tí mo fi ń kọ èyí, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà lórí ìrọ̀rí. Ojú méje ni wọ́n ran orókún mi. Ó pé ọjọ́ mẹ́rìnlá lónìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò gùn. Mo gbé ìyá kan ní Ìgbọ̀nà, ní Òṣogbo níbí, Òkè-Fìà ni wọ́n ń lọ, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátò lé itan. Kórópe kan wà níwájú wa tó ń rìn jẹ́jẹ́ létí títì bí ẹni tó ń wá èrò. Mo ní kí n gba òsì rẹ̀ kọjá. Àfi bí ẹnì kan ṣe nawọ́ sí i ní òdìkejì, ló bá já sósì lẹ́ẹ̀kan náà pé òun fẹ́ yí padà. Kò tan tírafíkétọ̀, kò wẹ̀yìn. Mo tẹ bíréèkì ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ tagbára-tagbára, ìdí máṣíìnì sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó di gbàgà. Ọwọ́ ìyá bó, tòmátò fọ́n ká títì, èmi fi orókún gba ọ̀dà. Ọpẹ́ ni pé kò sí mọ́tò lẹ́yìn wa.

Àwọn èèyàn wá kí mi. Ẹ̀gbọ́n àgbà kan ní páàkì wa ní, "Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀," gbogbo wọn sì ń mi orí. Màmá mi ní iṣẹ́ ayé ni. Ẹlòmíràn ní àmúwá Ọlọ́run ni, kí n ṣáà máa dúpẹ́. Mo ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wọn, kò sẹ́nì kan tó bi mí pé báwo lo ṣe tẹ bíréèkì.

Ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn nìyí: kí kórópe yẹn tó já, mo rí táyà iwájú rẹ̀ tó ti ń wo òsì. Mo rí ọwọ́ ẹni tó ń pè é. Mo rí méjèèjì, mi ò kà wọ́n sí. Ẹ bá mi dá sí i: ohun tójú ẹni ti rí kó tó ṣẹlẹ̀, ṣé ó ṣì ń jẹ́ àmúwá?

Bàbá_Gáréèjì

Pẹ̀lẹ́ ọmọ mi, Ọlọ́run á wo ẹsẹ̀ rẹ sàn. Má fi ìyẹn da oorun ara rẹ rú. Èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ yìí, mo ti ń gun máṣíìnì nílùú yìí kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní 1991. Abẹ́ Ọ̀yọ́ la ṣì wà nígbà yẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tí Wọlé Ṣóyínká jẹ́ alága wọn, màjà-màjà là ń pè wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n bá lé wa, à ń ṣubú. Ọjọ́ tí wọn ò lé wa, à ń ṣubú.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣubú, kò sí èyí tí mo fọwọ́ ara mi pè nínú ẹ̀. Irin ni máṣíìnì, Ògún ló nirin. Tí ọjọ́ bá ti di ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu, kò sí pé mo mọ̀ ọ́n gùn. Ẹnì kan wà ní páàkì wa tẹ́lẹ̀, kì í mutí, kì í sáré, kì í gbé èrò méjì. Ẹ̀bá títì ló dúró sí jẹ́jẹ́ tí èrò ń ka owó fún un, tírélà ló wá bá a níbẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Kó fi ojú ẹ̀yìn orí wò ó ni?

Ṣàlàyé_Kúkúrú

Tòmátò yẹn ńkọ́? Ta ló san án?

Ọmọ_Òròkí

Èmi ni o. Ìyá ní kí n san ìdajì, pé èyí tó fọ́ ṣì ṣeé lọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ọjàọba

Ẹ jẹ́ kí èrò náà sọ̀rọ̀, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá ń ṣubú, àwa la wà lẹ́yìn yín.

Àárọ̀ lọ, alẹ́ bọ̀, ọ̀kadà ni mò ń wọ̀ láti Alẹ́kúwodò dé Ọjà-Ọba. Kí n tó gùn, ẹsẹ̀ ọlọ́kadà ni mo kọ́kọ́ ń wò. Tó bá jẹ́ sílípáàsì ló wọ̀, mo máa ń ní kó máa lọ, torí ojú mi ló ṣe tí sílípáàsì há sábẹ́ bíréèkì ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá béèrè iye owó. Kì í ṣe torí owó o, mo mọ iye tí wọ́n ń gbà. Kó lè lanu ni, kí n fi gbọ́ bóyá páragà ń rùn lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó bá fi hẹ́lmẹ́ẹ̀tì kọ́ ìgúnpá, màá bi í pé ṣé ìgúnpá ló fi ń ronú.

Ṣùgbọ́n mi ò ní fi tiwa pamọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ sí í dé hẹ́lmẹ́ẹ̀tì ní oṣù kìn-ín-ní 2009, mo wà lára àwọn tó ní àwọn ò dé e. Wọ́n ní wọ́n ń fi oògùn sínú rẹ̀, pé ẹni tó bá dé e á pòórá, á di owó. Ní Kano, a gbọ́ pé àwọn ọlọ́kadà ń dé igbá, àwọn mìíràn ń dé ike ọ̀dà, a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà títí. Àwa tí à ń rẹ́rìn-ín náà ń sọ pé irun wa á bàjẹ́. Títí di òní, tí ọlọ́kadà bá na hẹ́lmẹ́ẹ̀tì sí mi, òórùn òógùn àná ni mo máa ń rò. Mo ti wá ra tèmi, inú báàgì ọjà ló ń gbé.

Àti pé àwa la máa ń ní "bọ̀dá, ẹ sáré díẹ̀, mo ti pẹ́." Àwa náà la tún máa ń sọ ní ilé ìgbókùú pé àmúwá Ọlọ́run ni.

Ọmọ_Òkèbaálẹ̀_UK

Ẹ kú ìjíròrò. Èmi ń gun máṣíìnì lọ síbi iṣẹ́ níbí, mo sì ti gùn ún ní Òṣogbo kí n tó rìnrìn-àjò, nítorí náà ẹ má lé mi.

Láti 1990 ni òfin ti wà níbí pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ gun máṣíìnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n ń pè ní CBT kó tó bọ́ sí títì. Ojú ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n kọ́kọ́ gbé wa lọ, wọ́n to nǹkan sílẹ̀, à ń yípo rẹ̀, à ń dúró, à ń tún gbéra. Mo ti gun ọ̀kadà fún ọdún mẹ́rin nílé, ojú tì mí: ọmọbìnrin kan tí ò gun máṣíìnì rí ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n dá dúró jù mí lọ. Mo ń fa kílọ́ọ̀ṣì, mo ń tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, mo ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣe é ní Dùgbẹ̀. Olùkọ́ ní ta ló kọ́ mi. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi. Ó ní kí n kí i.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wọ̀ mí létí lẹ́nu olùkọ́ náà ni pé kí n máa gùn bí ẹni tí awakọ̀ kankan ò rí. Kí n má rò pé torí pé ojú èmi àti awakọ̀ ṣe mẹ́rin, ó ti rí mi. Ó tún ní kí n tó yà tàbí kí n tó kọjá lára ẹnikẹ́ni, kí n yí orí wo ẹ̀yìn èjìká mi, nítorí jíńgì kì í rí gbogbo nǹkan. Orúkọ tí wọ́n ń pe ìwò ẹ̀yìn yẹn níbí, tí mo bá ní kí n pè é ní Yorùbá, "agbẹ̀mílà" ni.

Lórí ọ̀rọ̀ àmúwá: ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Harry Hurt, òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní yunifásítì Southern California máa ń sáré lọ síbi tí máṣíìnì bá ti kọlu nǹkan ní agbègbè Los Angeles. Ìjàǹbá 900 ni wọ́n yẹ̀ wò lójúkojú, ìwé rẹ̀ jáde ní 1981. Níbi tí mọ́tò àti máṣíìnì bá ti kọlu ara wọn, nínú mẹ́ta, méjì ló jẹ́ pé awakọ̀ ló gba ọ̀nà mọ́ onímáṣíìnì lọ́wọ́. Ẹ ti fẹ́ máa pàtẹ́wọ́, ẹ dúró ná. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn onímáṣíìnì yẹn, 92 ni kò kọ́ ọ níbì kankan, ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí ló kọ́ wọn tàbí kí wọ́n dá a kọ́. Láti ìgbà tí ewu bá ti yọjú títí di ìkọlù, kì í sábà tó ìṣẹ́jú àáyá méjì. Ohun tí púpọ̀ nínú wọn fi àáyá méjì yẹn ṣe ni ohun tí ìwọ náà ṣe, Ọmọ_Òròkí: wọ́n tẹ bíréèkì ẹ̀yìn pa, táyà ń wọ́ gọ̀ọ̀, wọn ò lo tiwájú bó ṣe yẹ.

Awakọ̀ kórópe ló jẹ̀bi. Orókún ta ni wọ́n rán?

Bàbá_Gáréèjì

Ọ̀nà tiyín níbẹ̀ ò ní kòtò, ewúrẹ́ kì í sùn sí i, ẹ má fi ṣe àpẹẹrẹ fún wa. Àti pé tí n bá ń gùn bí ẹni tí wọn ò rí, báwo ni èrò ṣe fẹ́ rí mi pè?

Ṣàlàyé_Kúkúrú

Bàbá, mo kú. 😂

Mẹ́káníìkì_Lámẹ̀kọ

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀, mi ò fẹ́ dá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ojú ẹ̀yìn orí tí Bàbá sọ yẹn ò jẹ́ kí n lè jókòó.

Bàbá wa, ẹ má bínú. Ọlọ́run ò fi ojú sẹ́yìn orí wa, òótọ́ ni. Àwọn tó ṣe máṣíìnì ló fi sí i, méjì, ọ̀tún àti òsì. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbé e wá sọ́dọ̀ mi pé kí n bá yín yọ jíńgì, pé ó ń gbá mọ́tò tẹ́ ẹ bá fẹ́ rá pálá láàárín gosiló. Mo ní jíńgì tó kún garawa kan níbí. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi ń gẹ irun.

Ó wá ku bíréèkì iwájú. Nínú máṣíìnì mẹ́wàá tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, mélòó lẹ rò pé okùn bíréèkì iwájú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Ẹlòmíràn tú u sílẹ̀ pátápátá, ẹlòmíràn fi wáyà so ó, ọwọ́ rẹ̀ kàn wà níbẹ̀ fún ọ̀ṣọ́. Gbogbo wọn ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: "Ọ̀gá, ó máa ń gbé èèyàn dojú bolẹ̀." Ẹ gbọ́ o. Tẹ́ ẹ bá ń dúró, gbogbo ẹrù ara yín àti ti èrò máa ń dà síwájú. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, ṣé kì í ṣe ìgbà yẹn ni ìyá ẹlẹ́rù máa ń fi àyà gbá yín lẹ́yìn? Táyà iwájú á tẹ ilẹ̀ dáadáa, tẹ̀yìn á fúyẹ́. Èyí tó fúyẹ́ lẹ wá ń tẹ̀ pa. Á yọ̀ ni, kò ní dúró. Iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdúró.

Ohun tó ń gbéni ṣubú ni kí èèyàn já a gbà lójijì, tàbí kó fà á níbi tó ti ń yà ní kọ́ọ̀nà, tàbí lórí yanrìn. Bí ẹni ń fún ọsàn mu lẹ ṣe máa fún un: díẹ̀ ná, kó tó wá di gírígírí. Kì í ṣe bí ẹni ń gbá eṣinṣin.

Tíṣà_Físíìsì

Mẹ́káníìkì ti ṣe iṣẹ́ mi jẹ. Ẹ jẹ́ n fi nọ́ńbà sí i.

Ẹni tó ń sá kìlómítà 40 ní wákàtí, tí ọlọ́kadà kankan ò ní pè ní eré, ń jẹ mítà 11 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí, kí ọkàn tó gbà, kí ọwọ́ tó kan bíréèkì, àáyá kan ti lọ. Mítà 11 ti lọ, máṣíìnì ò sì tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró rárá. Tó bá jẹ́ 60 ló ń sá, ó tó mítà 17. Ti bíréèkì fúnra rẹ̀ tún wá burú jùyẹn: tí eré bá di ìlọ́po méjì, ọ̀nà tí máṣíìnì máa jẹ kó tó dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìlọ́po méjì kọ́ o. Mo máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n á ní "yẹs sà," wọ́n á sì jókòó mẹ́rin sórí máṣíìnì kan relé.

Nítorí náà, àyè ni oògùn. Ọgbọ́n tí mo ń dá nìyí: tí mọ́tò iwájú bá ti kọjá ìdí òpó iná kan, màá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í jẹ́jẹ́ lẹ́nu, "Ọ̀ṣun Ṣẹ̀ǹgẹ̀sẹ́, olóòyà iyùn." Bí àáyá méjì ló ń gbà. Tí mo bá dé ìdí òpó náà kí n tó kì í tán, mo ti sún mọ́ ọn jù. Tí òjò bá rọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni mò ń kì í.

Ṣàlàyé_Kúkúrú

Pásítọ̀ mi ò gbọ́dọ̀ rí èyí.

Tíṣà_Físíìsì

Ẹ máa sọ pé "Jésù ọmọ Dáfídì, ṣàánú fún mi." Ó gùn bákan náà, ó sì bá ọ̀rọ̀ mu.

Ìṣẹ́_Ò_Gbẹ́bọ

Gbogbo yín ń sọ bíréèkì, ẹ ò sọ owó.

Máṣíìnì tí mò ń gùn kì í ṣe tèmi. Lójoojúmọ́ ni mò ń kó owó lọ bá ẹni tó ni ín, òjò rọ̀ o, oòrùn ràn o, èrò wà o, èrò ò sí o. Epo kò dúró lójú kan. Tí mo bá ń gùn bí ẹ ṣe ń wí yìí, tí mò ń kì Ọ̀ṣun lẹ́yìn kórópe, ẹlòmíràn á ti gba iwájú mi gbé èrò tó wà ní Ọláìyá. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti jí. Tó bá fi máa di aago mẹ́sàn-án alẹ́, ojú mi á ti máa pa dé lórí máṣíìnì, tí n bá sì lọ sílé, owó ọ̀gá ò tíì pé. Ìfura ò ní bá mi ra epo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní iṣẹ́ ìjọba àti ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ lè máa fura.

Ọmọ_Òròkí

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, ibi tí mo wà náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n lórí àga yìí, mo ti ṣe ìṣirò. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mi ò tíì jáde. Owó ilé ìwòsàn, owó fọ́ọ̀kì iwájú tó tẹ̀, owó tòmátò. Ohun tí mo fẹ́ fi kíkọjá lára kórópe yẹn jèrè, tí n bá rò ó dáadáa, kò tó ìṣẹ́jú kan.

Ẹni tó ni máṣíìnì ò dárí owó ọjọ́ mẹ́rìnlá yẹn jì mí o. Ó ní kí n ṣáà wo ẹsẹ̀ mi sàn, kí n máa bọ̀.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́

Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi ń rí, láì dárúkọ ilé ìwòsàn kankan.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n ń gbé wá bá wa, ẹsẹ̀ ni: ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí kò sí bàtà lára rẹ̀, ojúgun tó ṣẹ́. Àwọn tó ń já wa láyà ni ti orí. Hẹ́lmẹ́ẹ̀tì máa ń bá wọn wá, ẹlòmíràn nínú mọ̀lẹ́bí á gbé e dání lódindi, kò ní àpá kankan. Wọn ò de okùn àgbọ̀n rẹ̀, ó ti fò lọ kí orí tó kan ilẹ̀. Àwọn tó kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ lágbàáyé rí i pé hẹ́lmẹ́ẹ̀tì ń dín ikú onímáṣíìnì kù ní nǹkan bí 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ìpalára orí kù ní 69. Èyí tó wà lórí o, tí okùn rẹ̀ dè. Kì í ṣe ti ìgúnpá.

Mi ò sì ní bá àwọn tó ní gbogbo rẹ̀ ni àfọwọ́fà lọ. Mo ti tọ́jú ẹni tó ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ, hẹ́lmẹ́ẹ̀tì, bàtà, iná, ọmọ kékeré ló sá jáde láàárín mọ́tò méjì, ó yà fún un, ó lọ forí gbá òpó. Ọmọ yè. Ẹ má ṣe lọ dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì irú ẹni bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ máa sọ pé ká ní ó fura ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, irú wọn ò pọ̀. Ọtí ti òru ọjọ́ Ẹtì ló pọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹnì kan bá ṣubú, ẹ má ṣe gbá a lápá gbá a lẹ́sẹ̀ jù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ọrùn tó kàn sán lásán lè já níbẹ̀. Ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu. Ẹ tẹ aṣọ mímọ́ mọ́ ojú ẹ̀jẹ̀, kẹ́ ẹ pe 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó nìyẹn. Eegun tó bá ti gún awọ jáde, ilé ìwòsàn ni kó kọ́kọ́ lọ, kó tó di pé ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ń to eegun.

Ará_Stéṣàn

Kò tíì sẹ́ni tó dárúkọ ojú irin o. Ojú irin ló ń gbá àwa ní ìhín ṣubú, pàápàá tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀.

Bàbá_Gáréèjì

Èyí tó o sọ yìí ni ọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni mo ti ṣubú ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń fi ẹ̀gbẹ́ gun ojú irin bí ẹni ń gé kọ́ọ̀nà. Irin tó tutù ń yọ̀ bí ọṣẹ, táyà á bá a lọ gbọọrọ. Ohun tí wàá ṣe ni pé kó o tó dé ibẹ̀, ti rọra dín eré kù. Yí orí máṣíìnì kó dojú kọ irin gbọnrangandan, jẹ́ kí táyà gbá a kọjá bí àgbélébùú, má tẹ bíréèkì lórí rẹ̀, má fi kún eré. Lẹ́yìn rẹ̀ lo tó lè ṣe bó ṣe wù ọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni òjò àkọ́rọ̀. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọyẹ́, má gbé èrò fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Gbogbo ọ́ìlì àti eruku tó ti sùn sórí títì láti ọjọ́ yìí, òjò yẹn ló ń jí wọn. Tó bá ti rọ̀ dáadáa tó ti fọ̀ ọ́, ó kù díẹ̀ kó dára.

Tíṣà_Físíìsì

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Mo fẹ́ béèrè nǹkan kan. Láti ìgbà tẹ́ ẹ ti ń dojú kọ irin gbọnrangandan, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ tún ti ṣubú níbẹ̀?

Bàbá_Gáréèjì

Mi ò ṣubú níbẹ̀ mọ́.

Tíṣà_Físíìsì

Ṣé Ògún ló kúrò níbẹ̀ ni?

Ìyá_Ìbejì_Ọjàọba

Háà! Tíṣà!

Ará_Stéṣàn

Ògún ò kúrò níbì kankan o, àna mi ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀.

Bàbá_Gáréèjì

Ìwọ ọmọ yìí, ó o gbọ́n. Ó dáa, mo gbà fún ọ ní ojú irin. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tí mo bá máa sọ òótọ́, alẹ́ ni, iná iwájú mi ti jó, mo ní n ṣáà fara pẹ́ mọ́tò kan tó níná títí dé ilé. Mọ́tò yẹn yà fún kòtò, èmi ò rí kòtò. Ìyẹn náà, ẹ lè gbà á. Ṣùgbọ́n ti tírélà, mi ò gbà. Ẹni tó dúró jẹ́jẹ́!

Mẹ́káníìkì_Lámẹ̀kọ

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ló dúró sí gan-an? Lórí ọ̀dà ni àbí ó ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ọ̀dà?

Bàbá_Gáréèjì

Lórí ọ̀dà. Gbogbo wa la máa ń dúró síbẹ̀. Gọ́tà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

*(Ó tún padà wá lẹ́yìn bí wákàtí kan.)*

Mo ti ń rò ó láti ìgbà tó o ti béèrè. Ká ní ó sún síwájú bí ìṣísẹ̀ ogún, ẹnu ọ̀nà ilé epo kan wà níbẹ̀ tó gbòòrò. Èrò ló ní "ẹ já mi síbí." Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ni.

Ọmọ_Òkèbaálẹ̀_UK

Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere.

Ìyá_Ìbejì_Ọjàọba

Àmín. Láti òní lọ, tí ọlọ́kadà bá ní kí n jẹ́ kí òun sún síwájú díẹ̀, mi ò ní bá a jà mọ́.

Ọmọ_Òròkí

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ní ìdáhùn lórí èyí tó kàn mí. Òwe yẹn náà, mo tún un gbọ́ lóru: ilẹ̀ ló ń bọ̀ ni wọ́n wí, wọn ò ní orí ni kó fi bọ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ sọ̀ náà ti bọ́ sílẹ̀.

Mẹ́káníìkì, ẹ bá mi wá okùn bíréèkì iwájú. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa tú òwú orókún mi.

Tíṣà_Físíìsì

Ojú kọ̀ǹkéré ńlá kan wà nílé ẹ̀kọ́ wa, ó máa ń ṣófo lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ọ̀gá àgbà sì ti gbà fún mi. Ẹni tó bá fẹ́ ká jọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lo bíréèkì méjèèjì pọ̀, kó wá. Kó wọ bàtà. Kó de okùn àgbọ̀n.

Bàbá_Gáréèjì

Màá wá wò yín. Mi ò wá kọ́ nǹkan kan o.

Ọmọ_Òròkí

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ jẹ́ n jábọ̀ ti ọjọ́ Àìkú fún àwọn tí ò lè wá. A jẹ́ méje. Tíṣà fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, ó ní kí oníkálukú sá bí 30, tí táyà iwájú bá ti kan ìlà kó dúró. Bàbá wò wá títí, wọ́n ní à ń fi máṣíìnì ṣeré, wọ́n gba ti Mẹ́káníìkì lọ́wọ́ rẹ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ọjọ́ yìí, ẹsẹ̀ nìkan. Táyà wọ́ gọ̀ọ̀ọ̀, ó fa ìlà dúdú sílẹ̀. Tíṣà fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n: ìṣísẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n lo méjèèjì, wọ́n rọra fún tiwájú bí ọsàn. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án.

Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní ẹsẹ̀ Tíṣà gùn jù, wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn tún méjèèjì wọ̀n. Wọn ò sọ̀rọ̀. Wọ́n tún gun máṣíìnì padà síbẹ̀rẹ̀.

Bàbá_Gáréèjì

Afẹ́fẹ́ ló dojú kọ mí lẹ́ẹ̀kejì yẹn.